Ta Ló Ṣí Ilẹ̀kùn Omi?

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ta, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó sì ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ìsédò, ìyẹn ògiri ńlá tí wọ́n fi sé omi di adágún, wà nínú odò tó mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n ń bu yanrìn sínú agbọ̀n, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi bí ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn irin ńlá tó wà lára ògiri ìsédò ṣe dédé ṣí lókè, tí omi adágún sì já wálẹ̀ bí ẹran tó já okùn.

Ṣọ́bìrì lọ. Agbọ̀n lọ. Ọkọ̀ típà tí wọ́n ń di yanrìn sí dojú dé sáàárín odò. Àwọn èèyàn ń sá gun bèbè, wọ́n ń fa ara wọn lápá, lẹ́sẹ̀, láṣọ, fèrè ìkìlọ̀ ìsédò sì ń han lókè orí wọn. Nígbà tí omi rọlẹ̀, wọ́n ka ara wọn, wọ́n tún ara wọn kà. Ẹnì kan ló dín, ìyẹn àbúrò ọ̀gá wọn. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí i, ó di gbòǹgbò igi kan mú, apá rẹ̀ kan ti kán, àmọ́ ó ń mí, ó tiẹ̀ ń bínú pé bàtà òun ti bómi lọ.

Kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń dúpẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dúpẹ́ tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn: ta ló ṣí ilẹ̀kùn omi?

*

Sájẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ti rí ìdáhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó lọ mú ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá ìdarí ìsédò, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Onílẹ̀kùn, ó sì tì í mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan, dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kọ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, ó ku kí obìnrin náà fọwọ́ sí i.

Ìdí-Abájọ ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà níbì kan nínú fáìlì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó. Látìgbà tó ti wọṣẹ́ ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fóun pé nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ ni. Á ní, "Kí ni ìdí abájọ?" Ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, látọjọ́ tó ti wádìí ẹni tó ń jẹ ẹran inú ìkòkò, tó sì fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé ọkọ ọ̀hún ni.

"Ọ̀rọ̀ ti parí, mà," ni Kíákíá wí. "Òun nìkan ló wà nínú yàrá ìdarí. Ẹlẹ́rìí méjì rí i pẹ̀lú ojú ara wọn tó ń fa nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ó ti bá àwọn awayanrìn jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní omi á kó gbogbo wọn lọ. Kí la tún ń wá?"

"Ẹlẹ́rìí méjì?"

"Méjì gbáko, mà. Ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu délẹ̀."

"Ó dáa. Mú Bàbá jáde wá, kí o bá a wá àga tó lẹ́yìn."

Bàbá Onílẹ̀kùn jáde, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì há àárín orúnkún bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ìyàwó mi gbé e wá. Kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Wọ́n ní ẹ sọ pé omi á kó àwọn awayanrìn lọ."

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ń wa yanrìn sún mọ́ ògiri jù. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fọ́mọ tí mo bí ni mo ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní mò ń ṣépè."

"Lánàá wá ńkọ́?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo jókòó sídìí tábìlì. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló wà nínú adágún tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí omi ṣe ga tó. Mo rí i tí méjì ṣàdédé ń sáré gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Ìkẹta ò mira. Kí n tó dìde, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo sáré débẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń dá a dúró. Ó dúró. Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ni mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò jẹ́ kó lọ mọ́..."

"Gbogbo ẹni tá a bá mú ló ní ìtàn," ni Kíákíá dá a lẹ́nu. "Ilẹ̀kùn kì í ṣí ara rẹ̀, Bàbá!"

Ọkùnrin àgbàlagbà náà wolẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ti ń rò ó látàná. Bóyá ìgúnpá mi ló kan nǹkan. Mi ò mọ̀ mọ́. Mo kàn ń dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá a lọ ni. Tẹ́ ẹ bá ní èmi ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìdí-Abájọ ká ìwé ẹ̀sùn sí méjì, ó kì í bọ àpò rẹ̀. "Mi ò tíì kọ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ jẹun."

*

Àwọn awayanrìn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n jókòó sí bèbè odò, wọ́n ń wo ìdí típà tó yọ sókè láàárín omi. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gá Yanrìn, ò tíì sùn. Ọsibítù tí àbúrò rẹ̀ wà ló mọ́ ọn lójú sí.

"Wọ́n ti to apá rẹ̀, mà," ló sọ bí Ìdí-Abájọ ṣe béèrè. "Ọpẹ́ ni mò ń dá. Àmọ́ mi ò lè dárí ji ọkùnrin yẹn. Mo rí i."

"Níbo lẹ dúró sí?"

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Téèyàn bá dúró síbẹ̀, ó máa rí fèrèsé gíláàsì yàrá ìdarí lókè ògiri kedere.

"Kí lẹ rí gan-an?"

"Ó na ọwọ́ kan sókè báyìí, ó ń fa nǹkan wálẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á, kò dákẹ́."

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?"

Ọ̀gá Yanrìn di ojú, ó ń rántí. "Ìsàlẹ̀ ló wà. Bíi pé ó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀."

"Kí ló mú yín gbójú sókè?"

"Kí ni ì bá tún mú mi gbójú sókè? Omi náà ni! Ó bú gbàù, mo bá wo òkè."

Ìdí-Abájọ gbójú sókè. Ó ń wo fèrèsé náà, ó ń wo ilẹ̀kùn irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ká tún un sọ. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìró omi. Lẹ́yìn náà lẹ wo òkè. Lẹ wá rí Bàbá tó ń fa nǹkan."

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Kí omi tó dún, ṣé ẹ rí i?"

"Ta ló ráyè wo fèrèsé? Yanrìn ni mò ń wà."

"Nígbà náà, omi ti jáde kẹ́ ẹ tó rí i tó fọwọ́ kan ohunkóhun."

Ọ̀gá Yanrìn tún wo fèrèsé náà. Kíákíá wúkọ́.

Ó kan awakọ̀ típà. Ìdí-Abájọ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Onítípà jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ọkọ̀ mi lọ, mà, mo sì ń dúpẹ́! Típà ò láya, kò lọ́mọ. Èmi ní mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó lọ!"

"Ẹ kú oríire. Wọ́n lẹ́yin náà rí Bàbá Onílẹ̀kùn."

"Mo rí i rekete!"

"Nínú ọkọ̀ lẹ wà?"

"Nídìí ìwakọ̀."

"Ibo ni ojú ọkọ̀ kọ sí?"

"Ìsàlẹ̀ odò..." Ó dúró. "Ẹ̀yìn mi ni ìsédò wà."

"Ṣé ìpàkọ́ lẹ fi rí i ni?"

"Ọ̀gá Yanrìn ló kígbe pé, 'Ẹ wo Bàbá, ó ti ṣí i o!' Ni mo bá wẹ̀yìn, mo rí ẹnì kan ní fèrèsé, mo bẹ́ jáde."

"Ká ní kò dárúkọ Bàbá, ṣé ẹ ò bá mọ ẹni tó jẹ́?"

"Mà, lásìkò yẹn, tí ìyá tó bí mi bá dúró síbẹ̀, mi ò ní mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n kúrò lẹ́bàá odò.

"O ní ẹlẹ́rìí méjì," ni Ìdí-Abájọ wí. "Ẹyọ kan la ní. Ọ̀kan rí i, ó kígbe, ìkejì gbé ohun tó gbọ́, ó ní òun rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi bára mu. Wọn ò purọ́ o. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wá ni."

"Àmọ́ ilẹ̀kùn ṣí, mà."

"Ó ṣí. Jẹ́ ká lọ bi í."

*

Akunlé kan ń kun irin ààbò lẹ́nu ọ̀nà ìsédò. Ojú rẹ̀ kan wú débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe ojú?"

"Agbọ́n ni, mà. Ó ti ń lọlẹ̀. Àná ẹ ò bá sá fún mi."

Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé.

Ẹni méjì ló ń dúró dè wọ́n nínú yàrá ìdarí. Ọ̀kan ni ẹnjiníà àgbà, ọkùnrin kan tó ń nu orí nù ṣáá. Ìkejì ni obìnrin tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ilẹ̀kùn. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é.

Ẹnjiníà ò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ti wọnú kọ̀ǹpútà wa láti ìlú òkèèrè."

Inú Kíákíá dùn sí èyí. Ó ti yọ bírò. Àmọ́ Ìyá Kọ̀ǹpútà mirí.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ ọ̀nà ìta, sà. Kò sí wáyà, kò sí ìsopọ̀ orí afẹ́fẹ́ tó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la fi ṣe é bẹ́ẹ̀."

Kíákíá dá bírò padà sápò.

"Ṣé ètò náà ló bàjẹ́?" ni Ìdí-Abájọ béèrè.

"Alẹ́ àná ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe."

"Kí lẹ ní kó ṣe?"

"Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló ń sọ bí omi ṣe ga. Òṣùwọ̀n kan lè bàjẹ́ nígbàkigbà, kó máa sọ ìsọkúsọ. Torí náà, mo ní tí méjì bá ti fẹnu kò, kí ètò gba tiwọn, kó má ka ẹ̀kẹta sí. Tí méjì bá ní adágún ti fẹ́ kún àkúnya, kó ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Tí omi bá gun orí ògiri yìí, ògiri máa wó, kò sì sí ilé tó máa ṣẹ́ kù nísàlẹ̀."

"Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn méjì yẹn wá ní adágún ti kún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó kún?"

"Rárá."

"Ó sì ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Ètò yín ò béèrè pé ibo lomi ọ̀hún ti wá, tó fi ga bẹ́ẹ̀ kéèyàn tó ṣẹ́jú?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà wo ojú kọ̀ǹpútà. "Mi ò kọ́ ọ láti béèrè."

Ìdí-Abájọ rọra lọ sídìí tábìlì ìdarí. Bọ́tìnnì pupa náà wà lọ́wọ́ òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lókè rẹ̀ lápá ọ̀tún, okùn kan so rọ̀ láti òrùlé.

"Kí lokùn yìí wà fún?"

"Fèrè ìkìlọ̀ ni," ni ẹnjiníà dáhùn.

"Ṣé ètò kọ̀ǹpútà náà lè fun fèrè?"

"Kò lè fun ún, mà," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí. "Fèrè ò sí nínú ètò. Ọwọ́ èèyàn ló ń fun ún. Ẹni tó bá fà á nìkan."

Ìdí-Abájọ fi ọwọ́ òsì lé orí bọ́tìnnì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó di okùn mú. Kò tẹ̀, kò fà. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, ó wá yíjú sí sájẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹnu Kíákíá là sílẹ̀.

*

"Bàbá kọ́," ni Ìdí-Abájọ wí bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ògiri ìsédò, tí afẹ́fẹ́ adágún ń fẹ́ wọn láṣọ. "Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó ku àwọn ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ rí wọn."

"Ẹlẹ́rìí wo, mà?"

"Àwọn òṣùwọ̀n. Méjì ní omi kún, ọ̀kan ní kò kún. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló wá jóòótọ́. Ibo ni wọ́n wà?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà ló dáhùn. "Inú páìpù ni wọ́n wà, mà, kí ìgbì má bàa máa gbé wọn mì. Páìpù ńlá tó ti orí ògiri sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún. Omi máa ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọnú rẹ̀, bí adágún bá ṣe ga ni tinú páìpù náà ṣe máa ga. Mẹ́ta ni, òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀."

Ẹnjiníà nu orí. "Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Obìnrin méjèèjì dúró.

"Tẹ́lẹ̀?" ni Ìdí-Abájọ tún sọ.

"Páìpù kan sán. Kò sí òmíràn nílẹ̀. A bá yọ òṣùwọ̀n inú rẹ̀, a fi í sínú páìpù ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Báwo ni ìgbà díẹ̀ yẹn ṣe gùn tó?"

"Bí... bí ọdún méjì."

Ìyá Kọ̀ǹpútà di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún mi!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni! Nọ́ńbà wọn ò yàtọ̀ síra rárá!"

"Báwo ló ṣe máa yàtọ̀? Omi kan náà ni wọ́n jọ ń wò!"

Ìdí-Abájọ ò dá sí wọn. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sí bèbè odò, sọ́dọ̀ awakọ̀ tó ń wo ìsàlẹ̀, tó ní òun rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu páìpù tí òṣùwọ̀n méjì wà nínú rẹ̀. Eruku bo gbogbo orí ògiri, àfi àyíká ẹnu páìpù yẹn tó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kòkòrò pupa bíi mélòó kan kú sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ìka kan ṣoṣo yí ọ̀kan padà.

Agbọ́n ni.

"Ẹ bá mi wá okùn gígùn, kẹ́ ẹ so òkúta mọ́ ọn."

Wọ́n sọ ọ́ sínú páìpù títí ó fi kanlẹ̀, wọ́n fà á padà. Ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ òkúta náà pitipiti, ó ń kán tótó.

"Ihò ìsàlẹ̀ ti dí," ni ẹnjiníà wí, ojú rẹ̀ ti ṣú. "Ìdí nìyẹn... Nígbà tí mo sáré dé lánàá, mo rí i tí nọ́ńbà méjèèjì ń rọra lọ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti bọ̀ sípò ni. Omi inú páìpù ló ń jò lọ díẹ̀díẹ̀."

"Kíákíá," ni Ìdí-Abájọ wí, "lọ bá mi pe akunlé yẹn wá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí o fi pè é o."

*

Akunlé dé, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lagbọ́n ti ta yín?" ni Ìdí-Abájọ bi í.

"Ibí yìí ni, mà. Wọ́n kọ́lé sínú páìpù yìí. Mo fẹ́ kun ìdérí rẹ̀, bí mo ṣe gbé e báyìí, wọ́n bò mí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo sá. Lẹ́yìn náà, mo fa róbà omi tí wọ́n fi ń paná, mo fi sẹ́nu páìpù, mo tú u sí wọn lórí. Mo jẹ́ kó ṣe dáadáa kó lè gbá gbogbo wọn lọ. Omi tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu." Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ariwo lápá odò, mo jù ú sílẹ̀, mo sáré lọ bá wọn fa èèyàn jáde." Ó yọjú wo ẹnu páìpù náà. "Mà, kí ló dé? Kí ló wà nínú páìpù náà?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un. Ìdí-Abájọ náà ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ sínú eruku.

"Èmi ni mo tú omi sí àwọn awayanrìn lórí?"

"Agbọ́n lẹ tú omi sí lórí. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má da omi síbẹ̀. Àwọn òṣùwọ̀n rí omi, wọ́n ní àwọn rí omi, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ètò gbọ́ ẹlẹ́rìí méjì, kò mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo ti ń wá òpùrọ́ láti àárọ̀, mi ò tíì rí ẹyọ kan. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èèyàn kún yàrá ìdarí. Ẹnjiníà ti já iná ẹ̀rọ ilẹ̀kùn kúrò pátápátá. Gílóòbù kékeré kan ló so sípò rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ní kí ilẹ̀kùn ṣí, gílóòbù á tàn. Ọ̀gá Yanrìn àti Onítípà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kíákíá mú Bàbá Onílẹ̀kùn wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì fa àga fún un.

"Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì lé orí itan," ni Ìdí-Abájọ wí. "Kí gbogbo ènìyàn máa wò wọ́n."

Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí akunlé tó dúró ti páìpù pẹ̀lú róbà omi.

Nọ́ńbà mẹ́ta wà lójú kọ̀ǹpútà. Fún ìgbà díẹ̀, wọn ò mira. Lẹ́yìn náà, méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n ń sáré, wọ́n jọ ń sáré, bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìkẹta dúró sójú kan. Onítípà na ọrùn wo adágún lójú fèrèsé. Adágún ò kúrò níbi tó wà.

Gílóòbù tàn.

"Ta ló tẹ nǹkan?" ni Ọ̀gá Yanrìn béèrè.

"Kò sẹ́ni," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà dáhùn.

Ọ̀gá Yanrìn wo ọwọ́ Bàbá. Orí itan ni wọ́n wà.

"Bàbá," ni Ìdí-Abájọ wí, "kí lẹ ṣe lẹ́yìn ìyẹn lánàá? Ẹ ṣe é ká rí i."

Bàbá dìde. Ó tẹ bọ́tìnnì pupa, gílóòbù kú. Ó gbọ́wọ́ kúrò, gílóòbù tún tàn. Ó tún un tẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, kò gbé e kúrò mọ́, ó tẹ ara rẹ̀ lé e lórí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó di okùn mú, ó fà á.

Fèrè han. Gbogbo yàrá gbọ̀n. Bàbá fà á, ó tún fà á, ojú rẹ̀ kọ sí odò nísàlẹ̀, ó ti gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́yìn òun. Ìdí-Abájọ ló rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó fi okùn sílẹ̀.

Nígbà tí fèrè fi dákẹ́, Ọ̀gá Yanrìn ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Fèrè yẹn la gbọ́," ló wí. "Fèrè yẹn la gbọ́ tá a fi sá. Mo rò pé ẹ̀rọ ló fun ún."

"Ẹ̀rọ ò lè fun ún," ni Ìdí-Abájọ wí. "Ohun tẹ́ ẹ rí tó ń fà nìyẹn."

Ọ̀gá Yanrìn rìn lọ bá Bàbá. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Bàbá mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, ó sì dorí kodò lé e. Onítípà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi kàn ń nu ojú ṣáá, ó ní eruku wà nínú yàrá náà.

"Báwo lọwọ́ òsì ṣe pẹ́ tó lórí bọ́tìnnì yẹn, Bàbá?" ni Kíákíá béèrè, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Títí tí ẹnjiníà fi dé. Ọwọ́ náà ti kú kó tó dé. Òun ló bá mi gbé e kúrò, tó sì ti ilẹ̀kùn padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò gbọ́ yín dé ìparí."

Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé Ìdí-Abájọ dé ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù míì. Òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan á ní tirẹ̀, èmi fúnra mi ni màá máa lọ wò wọ́n. Ètò náà á sì máa béèrè ìbéèrè kó tó ṣí nǹkan kan. Ẹ ṣé, mà. Ẹlòmíì ì bá kàn ní ètò mi bàjẹ́, kó máa lọ."

"Kò bàjẹ́," ni Ìdí-Abájọ wí. "Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù."

*

Ọ̀gá Yanrìn ò jẹ́ kí Bàbá lọ sílé. Ó ní ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ yà ní ọsibítù. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé gbogbo wọn, wọ́n sì gbé ìyàwó Bàbá lọ́nà.

Àbúrò Ọ̀gá Yanrìn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Bàbá síwájú.

"Ẹni tó fun fèrè àná nìyí."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo Bàbá títí. "Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Omi pariwo jù."

"Mo ń gbọ́ ọ, Bàbá. Mo ti mumi yó, ọwọ́ mi ti fẹ́ já kúrò lára gbòǹgbò yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ní ẹni tó ń fun nǹkan yìí ò mọ̀ mí, kò sì tíì sú u. Mo ní títí tó bá fi máa dákẹ́, mi ò ní jọ̀wọ́ ara mi." Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó yè. "Ẹ ò dákẹ́."

Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ọwọ́ náà, ó sì sunkún láìtijú. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń wí pé, "A dúpẹ́. A dúpẹ́ o."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní àkókò ìbẹ̀wò ti kọjá, kí gbogbo wọn máa bọ̀ níta. Kò sẹ́ni tó mira. Ìdí-Abájọ bá jáde lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ káàdì ọlọ́pàá rẹ̀ fún un wò.

"Ẹ bá mi fún wọn láyè díẹ̀ sí i," ló wí. "Ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́."